Kóòtù Tí Kò Ní Adájọ́: Bí A Ṣe Ń Tú Àkànlò Èdè Gẹ̀ẹ́sì Tó Ti Orí Pápá Eré Wá

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí n tó fọ ẹnu, àǹtí mi tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn pè mí lórí fóònù. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán.

"Ọmọ mi, wọ́n ti fẹ́ gbé mi lọ sí kóòtù o!"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni? Kí lẹ ṣe fún wọn?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Àwọn tí mò ń ra léèsì lọ́wọ́ wọn lókè òkun ni. Àbúrò rẹ ló ka ímeèlì wọn fún mi báyìí. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù ti wà ní kóòtù mi. Bọ́ọ̀lù wo? Ṣé èmi ń gbá bọ́ọ̀lù ni?"

Mo ní kí wọ́n fi ímeèlì náà ránṣẹ́ sí mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju ìlà méjì lọ: "This is our best price. The ball is now in your court." Kò sí lọ́yà, kò sí sàmáǹsì. Àwọn oníléèsì kàn ń sọ pé àwọn ti dá iye tí àwọn lè gbà, ó kù sí àǹtí lọ́wọ́ láti fèsì. Kóòtù tí wọ́n ń wí, pápá tẹ́nìsì ni. Bí èèyàn bá ti gbá bọ́ọ̀lù kọjá àwọ̀n sọ́dọ̀ ẹnì kejì, kò tún sí ohun tó lè ṣe mọ́ ju kó dúró, kó máa wo ohun tí ẹni yẹn fẹ́ ṣe.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí, ọ̀pọ̀ àwọn tí mo sì ń kọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ tàbí tó fẹ́ rìnrìn àjò. Mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ gígùn kì í dẹ́rù ba wọn tó bẹ́ẹ̀; wọ́n á wo ìtumọ̀ rẹ̀, ó parí. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí gbogbo wa ti mọ̀ láti kíláàsì kejì ló ń tàn wọ́n jẹ: "ball", "court", "bell", "base". Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ kì í fura sí i. Ọ̀nà tí mo wá ń gbà kọ́ wọn ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí. Kò ní há àtòkọ sórí nínú. Bí ẹ bá rí eré tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà á tú ara rẹ̀ fún yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá pápá rẹ̀ rí

Àmì àkọ́kọ́ ni pé ohun kan á yọjú tí kò bá ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ tan. Ẹ ń ka lẹ́tà nípa owó ilé, táwẹ̀lì jáde. Ẹ ń gbọ́ ìròyìn ìbò, ẹṣin dé. Ẹ má tíì sáré lọ wo díkíṣọ́nárì. Ẹ bi ara yín pé: eré wo ni wọ́n ti ń lo nǹkan yìí?

Bí okùn, aago, táwẹ̀lì, igun tàbí bẹ́líìtì bá wà níbẹ̀, ìjà ẹ̀ṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. "Wicket", "innings", "stumped": kíríkẹ́ẹ̀tì. "Base", "plate", "strike", "left field": bésìbọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Òpó góòlù jẹ́ ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, "par" jẹ́ ti gọ́ọ̀fù, "chips" àti "ace" sì jẹ́ ti àwọn tó ń ta káàdì.

Eré tí ẹ ò bá mọ̀ rárá, ẹ wo fídíò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mi ò ṣàwàdà o. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ fi wo kíríkẹ́ẹ̀tì á là yín lójú ju ojú ìwé ogún lọ.

Ẹ má sì rò pé ìwà Òyìnbó nìkan ni èyí. Àwa náà ń mú ọ̀rọ̀ kúrò lójú eré kan lọ síbòmíràn. Nígbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò bá ní "àmì ayò méjì sí òdo", ayò olópọ́n tí àwọn baba wa ń ta lábẹ́ igi ló gbé wọ orí pápá bọ́ọ̀lù yẹn. Bí ìwé ìròyìn bá kọ ọ́ pé ẹnì kan fẹ̀yìn alátakò rẹ̀ janlẹ̀ nínú ìbò, ìjàkadì la fi ń wòran. Bí ẹnì kan bá yàn wá jẹ, a ó ní ó dírìbù wa; ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fi sọ Ibrahim Babangida ní Maradona nígbà tó wà lórí àlééfà. Àwọn tó ń ta púùlù ló sì fún wa ní "bánkà", nọ́ńbà tó dájú, tí a ti wá ń lò fún ohunkóhun tí kò lè yẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "ó dírìbù mi" yé, kò yẹ kí "on the ropes" ṣòro fún un.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ẹni tí ìyà ń jẹ, kí ẹ wo ẹni tó jẹ̀bi

Rírí pápá nìkan ò tó. Nínú eré, ẹnì kan ń borí, ẹnì kan ń fìdí rẹmi. Ẹnì kan ń tẹ̀ lé òfin, ẹnì kan ń yẹ̀ ẹ́. Ibi tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn dúró sí ló ń sọ bóyá ìyìn ni tàbí ẹ̀bi. Ìjà ẹ̀ṣẹ́ ni mo máa fi ń kọ́ èyí, nítorí pé kò sí ẹni tí kò lè fojú inú wò ó.

Ẹ rántí Anthony Joshua, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣàgámù wá. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2019, ní Madison Square Garden ní New York, Andy Ruiz tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin, rẹfirí sì dá ìjà dúró ní ráúndì keje. Kí abẹ̀ṣẹ́ tó dé ibẹ̀ yẹn, ó sábà máa ń fẹ̀yìn ti okùn tó yí ojú ìjà ká, torí pé okùn yẹn ló kù tó ń gbé e dúró. Ibẹ̀ ni "on the ropes" ti wá. Bí wọ́n bá ní ilé iṣẹ́ kan wà "on the ropes", kò tíì kú. Ó ku ẹ̀ṣẹ́ kan péré. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ilé iṣẹ́ náà ti kógbá wọlé" ti sáré ju ìròyìn lọ. Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kéèyàn ti ibi okùn dìde. Ní Kinshasa, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1974, Muhammad Ali mọ̀ọ́mọ̀ fẹ̀yìn ti okùn, ó jẹ́ kí George Foreman máa lù ú títí apá fi ro Foreman, ó wá gbé e ṣubú ní ráúndì kẹjọ. Ọgbọ́n yẹn ni wọ́n ń pè ní "rope-a-dope". Nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú lónìí, ẹni tó bá ń ṣe bí ẹni tí kò lágbára kí alátakò rẹ̀ lè lo okun rẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n á fi pè é.

"Throw in the towel" ni gbogbo èèyàn mọ̀: kí èèyàn jáwọ́. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó ń ju táwẹ̀lì náà. Lójú ìjà, abẹ̀ṣẹ́ fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń jù ú. Olùkọ́ rẹ̀ tó wà ní igun ló ń jù ú láti gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Nígbà tí Ali àti Joe Frazier pàdé ní Manila ní ọdún 1975, Frazier ṣì fẹ́ jáde fún ráúndì kẹẹ̀ẹ́dógún, Eddie Futch tó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ló ń ju táwẹ̀lì tirẹ̀. Bó ti wù kó rí, ohùn tó wà nínú rẹ̀ ò yí padà: ẹni náà ti jìyà, ó ti gbìyànjú, ó wá gbà pé òun ò lè borí mọ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń fi òwe "bí àpọ̀n ò bá yọ̀, ká da omi ilá kaná" túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó da omi ilá kaná kò fìdí rẹmi. Ó kàn yí ọbẹ̀ padà, yóò sì jẹun lálẹ́. Ẹni tó ju táwẹ̀lì ń lọ sílé pẹ̀lú ojú wíwú.

"Saved by the bell": aago dún, ráúndì parí, ẹni tí wọn ì bá ṣẹ́gun bọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ fẹ́ bi ní ìbéèrè tí aago ìsinmi sì lu, orí yọ ọ́ nìyẹn. Ìtàn kan ń tàn ká pé láti inú pósí ló ti wá, pé wọ́n máa ń so aago mọ́ òkú lọ́wọ́ ní ayé àtijọ́ bóyá ó lè jí. Ìtàn dídùn ni, àmọ́ kò sí ẹ̀rí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìjà ẹ̀ṣẹ́ ló ni ín.

"Below the belt" ní òfin lẹ́yìn. Ní ọdún 1743, Jack Broughton kọ òfin ìjà ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀ ní London, ó sì kà á léèwọ̀ láti mú alátakò ẹni nísàlẹ̀ ìbàdí tàbí láti lu ẹni tó ti ṣubú. Bí ẹ bá ń bá ẹnì kan jiyàn lórí owó tí ó sì fi àìrọ́mọbí bú ìyàwó yín, Òyìnbó á ní "That was below the belt." Ẹni tó sọ̀rọ̀ náà ló jẹ̀bi. Kò sọ pé irọ́ ni ó pa. Ohun tó sọ lè jẹ́ òtítọ́. Ibi tó fi ẹ̀ṣẹ́ náà gbá ni kò yẹ.

Ọ̀kan wà tí ó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láàmú: "up to scratch" àti "from scratch". Ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀ ni "scratch" nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ìlà kan náà kọ́. Nínú òfin ìjà ẹ̀ṣẹ́ ti ọdún 1838, bí wọ́n bá gbé abẹ̀ṣẹ́ ṣubú, ó ní ìṣẹ́jú àáyá 30 láti sinmi, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú àáyá 8 láti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìlà tó wà láàárín, láìsí pé ẹnikẹ́ni dì í mú. Ẹni tí kò bá dé ìlà ti pàdánù. Nítorí náà iṣẹ́ tí kò bá wà "up to scratch" ni iṣẹ́ tí kò dójú ìwọ̀n. Èyí kejì, ìlà ibi tí eré sísá ti ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni tí wọn ò bù ìwájú kankan fún ló ń gbéra láti ibẹ̀. Ẹ se ọbẹ̀ "from scratch", ẹ fi ọwọ́ ara yín bẹ̀rẹ̀ látorí ata lílọ̀, ẹ ò ra ata inú agolo.

Ẹ tètè gba àwọn yòókù lọ: "pull no punches" ni kéèyàn sọ ojú abẹ níkòó, ìyìn ni lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. "Roll with the punches" ni kí a máa tẹ̀ síbi tí ẹ̀ṣẹ́ bá tẹ̀ wá sí kó má bàa dùn wá jù. "In your corner" ni ẹni tó wà lẹ́yìn yín bí iké.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ bèèrè orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ náà ti wá

Níbí ni àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa ti máa ń ṣìnà. Àwọn ará Britain ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbá bésìbọ́ọ̀lù. Igi ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù nínú méjèèjì, ó sì dà bíi pé ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Kò bára mu.

Ẹ wo àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù. Nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, bí bọ́ọ̀lù bá fò kọjá ààlà pápá láìfara kan ilẹ̀, àmì mẹ́fà ni. Nínú bésìbọ́ọ̀lù, bí ó bá fò jáde kúrò nínú pápá, ẹni tó gbá a á sá yí gbogbo ibùdó ká, inú gbogbo èèyàn á dùn. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá ará Amẹ́ríkà bá sọ fún yín pé "You knocked it out of the park", ẹ dúpẹ́, ó yìn yín. Bí ará Britain bá ní "The news knocked me for six", ẹ kí i kú ìrọ́jú, nítorí ìròyìn náà ti dà á wó. Ará Amẹ́ríkà wo ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù. Ará Britain wo ẹni tí wọ́n gbá a mọ́ lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Manchester gbọ́ tí ọmọ arúgbó kan sọ èyí kejì nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó sì dáhùn pé "Well done." Ó ní òun rò pé ó borí nǹkan kan ni. Ojú tì í fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ní ti kíríkẹ́ẹ̀tì, a ò jìnnà sí i tó bí a ṣe rò. Pápá rẹ̀ wà ní Tafawa Balewa Square ní Èkó títí dòní, ní oṣù Kìíní ọdún 2025 sì ni àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn ò tíì pé 19 fi àmì 2 borí New Zealand nínú ìdíje àgbáyé. Ohun tí ẹ nílò ò pọ̀: ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù, ó fẹ́ wó igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹni tó mú igi gbígbá lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù náà ń ta lórí ilẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ tí oòrùn wá ń gbẹ ilẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù yóò ta sí. "Sticky wicket" nìyẹn: ibi tó le, tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó wà níbẹ̀. Nínú eré ńláńlá lónìí wọ́n máa ń fi nǹkan bo ilẹ̀ mọ́ òjò, ọ̀rọ̀ náà sì wà láàyè síbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe nǹkan "off his own bat", ẹnikẹ́ni ò rán an. "It's not cricket" ni pé kò bójú mu, kódà bí òfin ò bá tilẹ̀ kà á léèwọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo bọ́ọ̀lù nílé ìwòran, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí kan: "hat-trick" kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ní Sheffield ní ọdún 1858, H. H. Stephenson fi bọ́ọ̀lù mẹ́ta tó tẹ̀ léra lé èèyàn mẹ́ta jáde nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n fi ra fìlà fún un.

Bésìbọ́ọ̀lù ló kún inú ọ́fíìsì jù, torí pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ló gba ayé òwò kan. "Ballpark figure" ni iye tí a fojú bù. Pápá eré ni "ballpark". Bí nọ́ńbà yín bá ti bọ́ sínú pápá, ó tó, kò dìgbà tó bá bọ́ sórí ìjókòó kan pàtó. Ẹni tí wọ́n bá bi ní irú iye bẹ́ẹ̀ tó wá dáhùn pẹ̀lú náírà àti kọ́bọ̀ ti dáhùn ìbéèrè tí wọn ò bi í. "Touch base" kò ju kí a kàn síra, kí ọ̀rọ̀ má tutù. "Step up to the plate" ni kí èèyàn bọ́ síwájú gba iṣẹ́ nígbà tó kàn án. Plate yẹn, ibi tí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ń dúró sí ni, kì í ṣe abọ́ oúnjẹ. "Curveball" ni ohun tó yà bá yín lójijì, bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ tààrà tó wá yà. Bí òjò bá dá eré dúró, wọ́n máa ń fún àwọn òǹwòran ní tíkẹ́ẹ̀tì láti padà wá lọ́jọ́ mìíràn. "Rain check" nìyẹn. Ọ̀rẹ́ tó bá ní "Can I take a rain check?" nígbà tí ẹ pè é síbi oúnjẹ kò sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ó ní kì í ṣe òní.

Gọ́ọ̀fù ní ẹyọ kan tó dojú rú. "Par" ni iye ìgbà tí wọ́n retí kéèyàn gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọ ihò. Lórí pápá gọ́ọ̀fù, ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ "par" ló ń ṣe dáadáa. Lẹ́nu àwọn èèyàn, "below par" ni iṣẹ́ tí kò dára tó, tàbí ara tí kò le. "Par for the course" sì máa ń ní ìmí ẹ̀dùn nínú: iná tún lọ? Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹṣin àti káàdì, nítorí àwọn olóṣèlú

Ẹ ò ní lóye ìròyìn ìbò ní Gẹ̀ẹ́sì láìmọ eré ẹṣin. "Neck and neck" ni pé ọrùn ẹṣin méjì ṣe déédéé. "Front-runner" ló ń ṣíwájú. "Also-ran" ni ẹni tí wọ́n kàn dárúkọ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìwé ìròyìn pé òun náà sáré. "Win hands down" ni pé ẹni tó gun ẹṣin ti rí i pé kò sẹ́ni tó lè bá òun mọ́, ó wá sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dẹ ìjánu. "Down to the wire" ni ìdíje tí a ò mọ ẹni tó borí títí dé okùn wáyà tí wọ́n ń ta kọjá lórí ìlà ìparí ní Amẹ́ríkà.

"Dark horse" ń fẹ́ àlàyé díẹ̀. Àwọ̀ dúdú kọ́ ni wọ́n ń wí, kò sì sí èébú nínú rẹ̀. Ẹṣin tí ẹnikẹ́ni ò mọ agbára rẹ̀ ni. Nígbà tí ẹgbẹ́ Democrat ń wá olùdíje ní ọdún 1844, James Polk kò sí lára àwọn tí wọ́n ń pariwo orúkọ wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n dìbò títí dé ìgbà kẹsàn-án, òun ni wọ́n fà kalẹ̀, ó sì di ààrẹ Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ Britain, ọ̀rẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó lè ta dùùrù náà lè gbọ́ "You're a dark horse!" Àpọ́nlé ni.

Fún káàdì, ẹ gbé páálí Whot yín jáde. Bí ẹnì kan bá já ìràwọ̀ sílẹ̀, tí ẹ̀yin náà já ìràwọ̀ lé e, "follow suit" lẹ ṣe yẹn: ohun tí ẹni iwájú ṣe ni ẹ ṣe. Káàdì 20 tí ẹ fi ń ní "I need", tó lè dúró fún ohunkóhun, òun ni "wild card". Mo ti kọ́ àwọn ọmọdé ní méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún báyìí, wọn ò gbàgbé.

Pókà, eré káàdì tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́, ló bí àwọn tó kù. "Call his bluff" ni kí ẹ ní kí ẹni tó ń halẹ̀ ṣe ohun tó ní òun fẹ́ ṣe. "Up the ante" ni kí ẹ fi kún ohun tó wà nílẹ̀. "Pass the buck" ni kí ẹ ti ẹrù iṣẹ́ sórí ẹlòmíràn: "buck" ni àmì tí wọ́n ń gbé síwájú ẹni tó kàn láti pín káàdì, ẹni tí kò bá fẹ́ pín á sún un síwájú. Ààrẹ Harry Truman wá gbé pátákó kan sórí tábìlì rẹ̀ tó kà pé "The buck stops here": kò sí ẹni tí òun tún lè sún un sí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ má fọwọ́ kan egungun rẹ̀

Àkànlò èdè kì í gba àtúnṣe. "Move the goalposts" ni, òpó méjèèjì; ẹ má sọ pé "change the goalpost". "Jump the gun" ni kéèyàn gbéra kí ìbọn eré ìje tó dún. Kò bá "jump the queue" tan, ìyẹn ti ẹni tó ń já ìlà. "Level playing field" ni, kì í ṣe "balanced field". Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ nìkan lẹ lè yí padà: "threw in the towel", "has moved the goalposts". Ẹ kọ gbólóhùn náà sínú ìwé yín lódindi, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kéékèèké inú rẹ̀. "In your court" yàtọ̀ sí "on your court", etí Òyìnbó sì ń gbọ́ ìyàtọ̀ náà kíá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ dákẹ́

Àwọn ará Britain máa ń sọ nípa arúgbó tó kú pé "He had a good innings." Ó lo àkókò rẹ̀ pẹ́ lójú eré, ó sì ṣe dáadáa, bí àwa náà ṣe ń sọ pé ẹni náà dàgbà dógbó kó tó papòdà. Òótọ́ ni, ìtùnú sì ni, bí ẹni tó ni òkú bá kọ́kọ́ sọ ọ́. Àlejò tó bá sáré sọ ọ́ lè dà bí ẹni tó ń sọ fún wọn pé kí ni wọ́n ń sunkún sí. Ẹ ní "I'm so sorry for your loss", ẹ dákẹ́.

Bákan náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ bésìbọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìjọba tàbí sí ilé ẹjọ́. Lọ́dọ̀ dókítà, tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀mí, ẹ sọ ọ́ gbọọrọ. Bí ẹlòmíràn bá sì fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá yín sọ̀rọ̀ tí kò yé yín, ẹ béèrè pé "What do you mean by that?" Èmi náà ṣì ń bèèrè, pàápàá tí ọ̀rọ̀ bá ti kan bọ́ọ̀lù alágidi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbá, tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré tí wọ́n sì ń pè ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ dán an wò

Ẹ ka èyí, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ bí ímeèlì ọ́fíìsì: "We were on the back foot after the inspection, but the team stepped up to the plate and it went down to the wire. The ball is now in the council's court. If they move the goalposts again, we may have to throw in the towel."

Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ kọ pápá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹ kọ ẹni tí ìyà ń jẹ àti ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́bi. Lẹ́yìn náà, ẹ tún gbogbo rẹ̀ sọ ní Yorùbá láìfi eré kankan kún un. Ẹ má wo tèmi kí ẹ tó parí.

Pápá mẹ́fà ló wà níbẹ̀: kíríkẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ti fẹsẹ̀ fà sẹ́yìn láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀, bésìbọ́ọ̀lù, eré ẹṣin, tẹ́nìsì, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti ìjà ẹ̀ṣẹ́. Àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ló gba ẹ̀bi, àní ẹ̀bi tí wọn ò tíì ṣe tán. Tèmi rèé ní Yorùbá: "Lẹ́yìn tí wọ́n wá yẹ ilé wa wò, ńṣe là ń gbara wa sílẹ̀. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa bọ́ síwájú gba iṣẹ́, ọwọ́ àárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn la sì fi parí rẹ̀. Ẹnu ìjọba ìbílẹ̀ la wá ń wò báyìí. Bí wọ́n bá tún yí òfin padà mọ́ wa lójú, ó lè di dandan ká jáwọ́."

Bí tiyín bá gùn ju tèmi lọ, kò burú. Bí "bọ́ọ̀lù" bá wà níbì kankan nínú rẹ̀, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní.